"Spider" ni wọ́n tà fún mi, "Muscle" ni mo gbé délé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tẹ́ní:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi kí ẹ tó kà á tán, torí ọkọ mi ti bú mi tó.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo ra Camry tòkúnbọ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò l'Ékòó. ₦7,500,000 ni mo san. Mo yá lára ẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, owó àjọ ni ìyókù. Ọ̀gá ọlọ́jà ní 2010 ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Spider. 2010 náà ló kọ sínú rìsíìtì. Mo wo ojú mọ́tò, ojú Spider ni lóòótọ́, ó ń dán gbinrin. Mo mú àbúrò mi dání, ó wà á yí àdúgbò ká, ó ní kò sí wàhálà. (Báǹkì ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.)

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni iná ọ́ìlì tàn lójú dáṣìbọ́ọ̀dù, lórí Third Mainland. Nígbà tí mẹkáníìkì fa gééjì yọ, ó gbẹ bí ètè aláàwẹ̀. A rọ ọ́ìlì sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ti lọ sílẹ̀. Kò sì jò. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú, páálí ò lábàwọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná láàárọ̀, èéfín búlúù máa ń yọ lẹ́yìn.

Mo padà lọ bá ọ̀gá náà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sanwó, "màmá mi" ló ń pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, "Màdáàmù, tòkúnbọ̀ lẹ rà, ẹ ò ra tuntun." Ó nàka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tí àwọn bá ti gbà, àwọn kì í dá a padà. Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáàmù. Ẹ bá mi wo ẹ́ńjìnnì yẹn ná: ṣé 2.4 ni àbí 2.5? Camry oní-písítìnì mẹ́rin ti 2007 sí 2009, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, 2.4 ló wà ńbẹ̀. 2010 ni Toyota gbé 2.5 sí i. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ẹyọ 17 ni. Ẹ ka ẹyọ kẹwàá láti apá òsì. Tó bá jẹ́ A, 2010 ni. Tó bá jẹ́ 8, 2008 ni.

Ìyá Tẹ́ní:
Mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó. 8 ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mẹkáníìkì mi náà ní 2.4 ló wà ńbẹ̀. Ojú Spider tó ní wá ńkọ́?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀:
Bọ́ńpà, iná iwájú, gírílì. Ẹ gbé Muscle wá sí Ládípọ̀ láàárọ̀, ojú Spider lẹ máa gbé padà lọ. Èmi gan-an ti ṣe é fún èèyàn púpọ̀. Kí onímọ́tò ṣe oge mọ́tò ara rẹ̀, kò burú. Kó wá tà á fún ẹlòmíì ní owó ọdún tí kì í ṣe tiẹ̀, olè nìyẹn.

Ti ọ́ìlì yẹn, àìsàn tí a mọ̀ mọ́ 2.4 yẹn ni. Ríìǹgì písítìnì tó yẹ kó máa gbá ọ́ìlì sẹ́yìn ló ń dí, ọ́ìlì á wá máa jóná pẹ̀lú epo. Toyota pààrọ̀ písítìnì àti ríìǹgì lọ́fẹ̀ẹ́ l'Amẹ́ríkà fún àwọn tí tiwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àsìkò yẹn ti kọjá tipẹ́. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni kí ẹ máa fa gééjì yọ wò. Tí ọ́ìlì bá gbẹ tán pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, ẹ máa wá ra òmíràn.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin obìnrin, ojú dídán lẹ máa ń wò. Ta ló ń ra mọ́tò láìmú mẹkáníìkì dání?

Bàbá Ìbejì:
Ọmọ Ẹ̀gbá, Corolla tìẹ tí kò ní airbag ńkọ́? Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ìyá Tẹ́ní, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yẹn o. Ọlọ́jà á ní mẹkáníìkì yín ló bà á jẹ́.

Ṣadé, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Ṣadé, Houston:
Mo ti rí i. 2008 ni NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, kọ. Mo tún rí àwòrán ibi tí wọ́n ti lù ú tà ní gbàǹjo níbí. Ojú Muscle ló ní, apá ọ̀tún iwájú ti rún wómúwómú. "Salvage" ni wọ́n kọ sí ìwé ẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò ti kà á kún òkú mọ́tò. Ojú tó fọ́ ni wọ́n yọ, ni wọ́n fi ti Spider rọ́pò. Mo ti fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ sí yín.

Lọ́yà Kékeré:
Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ká ní ọ́ìlì nìkan ni, ọlọ́jà á máa pariwo tòkúnbọ̀, ẹjọ́ á le díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ 2010 fún 2008, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 kò gbà kí ọlọ́jà purọ́ nípa ọjà rẹ̀, àkọlé ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò sì lè bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ má lọ bá a jà. Ẹ kọ lẹ́tà: ọjọ́ tí ẹ rà á, iye tí ẹ san, ohun tó kọ, ohun tí nọ́ńbà mọ́tò sọ, ohun tí ẹ ń béèrè, ọjọ́ tí ẹ dá fún un. Ẹ so àwòrán Ṣadé mọ́ ọn, kó buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Tó bá kẹ̀yìn sí yín, ẹ lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí LASCOPA, ti ìjọba Èkó. Ẹ ò nílò lọ́yà láti fẹjọ́ sùn níbẹ̀.

Ẹnìkan máa ní kí ẹ sáré lọ sí kóòtù ẹ̀sùn kéékèèké. Ẹ rọra. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Owó tí ẹ̀yin ń béèrè kò tíì di gbèsè, torí kò tíì gbà pé òun jẹ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ iye tó máa san àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá yẹ̀ ẹ́, ó ti di gbèsè nìyẹn.

Ìyá Tẹ́ní:
Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti ọkọ mi la jọ gbé lẹ́tà lọ lánàá. Bó ṣe rí àwòrán gbàǹjo, ó jókòó. Ó ní bí ẹni tó kó o wọlé ṣe tà á fún òun nìyẹn. Mo ní èmi ò mọ onítọ̀hún rí. Ó dá ₦500,000 lé e, ọkọ mi ní kò tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín Muscle àti Spider, ká má tíì sọ owó ríìǹgì. A fà á títí tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ fi tẹ̀ wá. ₦1,400,000 ló kọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò san án, ó buwọ́ lù ú. Ìdajì ti wọlé. Ìdajì kejì di ìparí oṣù.

Lọ́yà Kékeré:
Ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn, ẹ fún ẹlòmíì ní ẹ̀dà kan.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Mẹkáníìkì, ẹ dákun, ẹyọ kẹwàá yẹn, apá òsì lẹ ní ká ti máa kà á bọ̀ àbí apá ọ̀tún?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀:
Òsì.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Hùn. Wọ́n ní 2007 ni tèmi. 4 ni mo rí.