Etí ajá mi tún ti ń rùn, ẹ gbà mí o

Ìyá Bruno (Bàrígà): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Dókítà ẹranko tó wò ó lóṣù tó kọjá gba ₦15,000, kò tan iná wo etí náà rárá, ó kàn já oògùn kíkán lé mi lọ́wọ́. Ó ti tún padà. Àwọn tá a jọ ń gbélé ti ń sọ̀rọ̀ sí mi nítorí òórùn. Boerboel, irú ajá ńlá kan, ni, kò sùn, ó ń gbọn orí ṣáá. Oògùn wo ni kí n rà?

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú: Etí kan ni àbí méjèèjì? Àwọ̀ wo ló ń jáde? Ọjọ́ mélòó lẹ fi kán an? Tó bá jẹ́ búráùn, tó ń rùn bí búrẹ́dì tó kan, yíìsì ló sábà máa ń jẹ́. Ọyún tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó jọ ewé, bakitéríà nìyẹn. Dúdú bíi kọfí lílọ̀, kòkòrò inú etí ni.

Súrùlérè: Hydrogen peroxide ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ fi òwú orí igi ro ó.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú: Rárá o! Á jó awọ tó ti bó. Ihò etí ajá kì í lọ tààrà, ó sọ̀ kalẹ̀ kó tó yà sínú. Igi yẹn á ti ìdọ̀tí sí igun yẹn ni.

Súrùlérè: Gbogbo ayé ló ń lò ó.

Àǹtí Yábàá: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Omi ìfọtí ajá ni kí ẹ fi kún ihò náà, kí ẹ fọwọ́ rọra pa ìdí etí fún ìṣẹ́jú àáyá 30 títí á fi máa dún ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Kó gbọn orí. Ẹ fi òwú nu ibi tí ìka lè dé nìkan. Oògùn tá a kán lé ìdọ̀tí lórí kì í dé ara awọ.

Ìyá Bruno: Búráùn ni, méjèèjì. Ọjọ́ 4 ni mo fi kán an, òórùn lọ, mo dáwọ́ dúró. Kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣòfò fún? Èyí tó ṣẹ́kù ni mo tún ń kán látọjọ́ Ajé. Àmọ́ láti àná ló ti ń gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí.

Àǹtí Yábàá: Ìyá Bruno, ẹ má kán nǹkan kan mọ́! Ẹ má fọ̀ ọ́ náà. Ó jọ pé àrùn náà ti wọ inú etí lọ́hùn-ún. Bí ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú ihò etí, bá ti lu, oògùn tó ní gentamicin (èyí tó ń pa bakitéríà) lè sọ ọ́ di adití. Lónìí ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n tan iná wo ìlù etí, kí wọ́n sì wo ìdọ̀tí náà lábẹ́ maikirosikóòpù. Ẹ mú igo yẹn dání.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú: Ẹ béèrè nípa oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Etí méjèèjì tó ń padà báyìí, ara tó ń kọ nǹkan ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ìyá Bruno: Kẹ̀kẹ́ ti dé. Igo náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Gentamicin ni wọ́n kọ sára rẹ̀.