Ọpọlọ rírù, kì í ṣe ìsúnkì ọpọlọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá «rọpárọsẹ̀ kékeré» fún ìgbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tíńtín kan bá dí nínú ọpọlọ. Wọ́n tún ní ká pe ohun tó ń bá a rìn, ìyẹn kí ọpọlọ máa dín kù, ní «ìsúnkì ọpọlọ». Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ìkankan.

Rọpárọsẹ̀: ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀. Èyí tí à ń wí kì í sábà rọ nǹkan kan. Ojú ibi tó ń kú kì í ju mìlímítà 3 sí 15 lọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe kò sì mọ̀. Ohun tí ará ilé máa rí ni pé bàbá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́nà Ọjà Ọba, èsì ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu wọn, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n wọ́n ṣáá. Apá pé, ẹsẹ̀ pé, ta ni máa rò pé rọpárọsẹ̀ ni? Wọ́n á ní bàbá ń ṣarán ni. «Ìdíṣan» ni kí á pè é.

Ti ìsúnkì ló bí mi nínú jù. Òṣogbo ìlú aró la wà, ẹ bi àwọn ìyá aláró. Aṣọ tó súnkì, òwú rẹ̀ pé síbẹ̀, ó kàn fún mọ́ra ni. Ti ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ ló ń kú dànù. Rírù ni Yorùbá ń pe kí ẹran ara máa tán lára. Agbárí kì í bá ọpọlọ rù, omi ló ń kún àlàfo náà, ìyẹn ni àwòrán ọpọlọ fi ń gbé e jáde. Kí ló dé tí ojú ibi kékeré tó kú fi ń mú ibi tó jìnnà rù? Ẹ gé ìtàkùn iṣu nídìí, ewé tó wà lókè ọ̀pá ló máa rọ. Fọ́nrán tó so inú ọpọlọ mọ́ èèpo rẹ̀ ló já.

Ẹ wá wo ohùn. Ẹ̀jẹ̀ ń ru, ọpọlọ ń rù. Ohùn àárín ni okùnfà, ohùn ìsàlẹ̀ ni àbájáde! Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru láti bí ẹni ogójì ọdún ló ń mú ògiri iṣan nípọn títí ihò rẹ̀ á fi fún. Àtọ̀gbẹ àti sìgá ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ «ẹ̀jẹ̀ rírù» sínú ìwé ìlera ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ. Àwọn àgbà tó kọ́ wa ní álífábẹ́ẹ̀tì kò ní gbà á. Kí ìwé ọ̀hún má sì kàn sọ pé «ẹ sinmi kí ẹ tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀». Ìṣẹ́jú 5 ni, ẹ̀yìn lára àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá ní ọ̀gangan àyà, ẹnu dídákẹ́, kí á sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ń tó 140/90 léraléra, ó ti ru.

*Èsì, láti Òkè-Fìà*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, mo gba ìdíṣan. Ṣùgbọ́n ẹni tó rù, ẹ bọ́ ọ, á sanra padà. Apá ọpọlọ tó kú kì í padà. Èyí tó kù là ń fi oògùn dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń fi fóònù kọ̀wé láìfi àmì sí i, ru, rù, rú, ọ̀kan náà ni wọ́n. «Ọpọlọ jíjoro» ni tèmi. Súnkì tí ẹ sì ń lò bí ẹni pé tiwa ni, ó jọ àyálò láti èdè Gẹ̀ẹ́sì lójú mi.

*Èsì, láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé*

Ewé ló ń joro. Ẹni tó bá sì kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, kó má dá rù lẹ́bi. Ní ti súnkì, sún mọ́ra ni «sún» yẹn lójú tèmi, kì pọ̀ ni «kì». Ẹ fi ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ ọ́ hàn mí.