Wúfà ń jó kí orin tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Adéorin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí mo bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé àwo báyìí, kí orin tó mú rárá, wúfà méjèèjì (ojú sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde) á ti máa yọ síta, á tún máa wọlé, láìsí ohùn kankan. Tó bá jẹ́ CD, wọn kì í mira. Sípíkà oníhò ni, èyí tí àpótí rẹ̀ ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ já. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí, kí lẹ sì ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì
Tèmi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé! Mo rò pé èmi nìkan ni.

Kọ́lá Olóhùn
Ra subsonic filter, ohun tó ń gé ìró tó ti lọ sísàlẹ̀ ju ohun tí etí ń gbọ́. Ó parí.

Bàbá Àwo
Kọ́lá, rọra. Adé, gbọ́ mi. Ó ṣe mí rí, kì í sì í ṣe sípíkà ló ni ẹ̀bi. Pa iná yàrá, tan tọ́ọ̀ṣì sí wúfà láti ẹ̀gbẹ́, kí o wá máa wò ó. Àwo 33⅓ máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Bí wúfà bá ń yọ lẹ́ẹ̀kan tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan láàárín àkókò yẹn, àwo ló wọ́, tàbí ihò àárín rẹ̀ ò sí láàárín gan-an. Bó bá ń gbọ̀n wìrìwìrì, bí ìgbà 5 tàbí 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, apá (ọ̀pá tó na sórí àwo) àti cartridge (orí kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání) ni kò bára mu. Tí kò bá tẹ̀ lé ìyípo àwo rárá, tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń gbé ohùn sókè ló ń pọ̀ sí i, wo ibi tí o gbé turntable, ẹ̀rọ tó ń yí àwo, sí.

Kọ́lá Olóhùn
Bàbá, gbogbo ẹ̀ náà ni filter máa gé dànù. Kí lèèyàn fẹ́ máa ka wúfà sí?

Bàbá Àwo
Torí pé filter ò ní kí abẹ́rẹ́ má fò lójú àwo tó wọ́. Béèsì lásán ló máa gbé pamọ́ fún ọ.

Rẹ̀mí Alápá
Bàbá ti sọ ọ́. Tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ cartridge. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ló dára jù, ohùn rẹ̀ sì dùn lóòótọ́, àmọ́ wúfà ò sinmi. Ìṣirò ló tú u fó: ẹ ro ìwúwo apá, cartridge àti síkúrù pọ̀ ní gíráàmù, ẹ fi compliance (iye tó ń sọ bí ọ̀pá abẹ́rẹ́ ṣe rọ̀ tó) sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì rẹ̀, ẹ fi pín 159. Apá tèmi 18, cartridge 6, síkúrù 1, ó di 25. Compliance 30. Ó já sí 5.8 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ibi tí wíwọ́ àwo ń gbé gan-an nìyẹn. Láàárín 8 sí 12 la ń fẹ́. Mo fi cartridge tí compliance rẹ̀ jẹ́ 12 síbẹ̀, ó di 9.2, wúfà sì dákẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ra filter kankan.

Ṣẹ́gun_33
Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú iye compliance yẹn o. Púpọ̀ nínú cartridge ilẹ̀ Japan, 100 Hz ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ó máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà míì tó ìlọ́po méjì.

Rẹ̀mí Alápá
Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Tèmi yẹn, 10 Hz ni wọ́n kọ síwájú ìwé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, àwo tó wọ́, ṣé a lè fi í sáàárín gíláàsì méjì ká kì í bọ ààrò?

Bàbá Àwo
RÁRÁ.

Ṣẹ́gun_33
Èmi mọ ẹni tó ṣe é tó sì tẹ́jú.

Bàbá Àwo
Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́yìn tó tẹ́jú? PVC, irú ike kan, ni. Ooru tó bá lè rọ àwo, ó lè ba ìlà tí wọ́n fín sójú rẹ̀ jẹ́. Èmi gbọ́ ọ̀kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ariwo ṣíṣẹ́ṣíṣẹ́ ló kún un. Ìyá Ìbejì, clamp, ohun tó ń di àwo mọ́lẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá.

Ṣẹ́gun_33
Gíláàsì àti ìwúwo láìsí iná ńkọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan sí tèmi.

Ìyá Ìbejì
Mo ti gbọ́. Ààrò ti di èèwọ̀.

Fẹ́mi Afẹ́fẹ́
Kò sẹ́ni tó tíì dá Adé lóhùn lórí sípíkà oníhò. Bí ohùn bá ti lọ sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ṣe ihò náà fún, afẹ́fẹ́ inú àpótí ò di wúfà mú mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń jó tó bẹ́ẹ̀. Kò ní já lónìí, àmọ́ ó ń jẹ agbára amp lásán, béèsì gidi á sì máa dàrú. Mo fi fóòmù dí ihò tèmi. Jíjó dín kù, béèsì náà sì dín kù.

Kọ́lá Olóhùn
Phono stage, ẹ̀yà tó ń gbé ohùn tó ti ara cartridge wá sókè, ńkọ́? RIAA, ìlànà tó fi ń dá béèsì àwo padà, ń fi bíi 19 dB (ìwọ̀n ohùn) kún 20 Hz ju 1,000 Hz lọ. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá kó nísàlẹ̀, ariwo mọ́tò, ìró ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń pín níbẹ̀. IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná, tìkára wọn fi gígé kún un ní 1976. Ẹ ò lè ní filter ò wúlò.

Bàbá Àwo
Mi ò sọ pé kò wúlò. Mo ní òun kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Adé, bí amp rẹ bá ní bọ́tìnnì mono, èyí tó ń pa ohùn òsì àti ọ̀tún pọ̀, tẹ̀ ẹ́. Àwo tó wọ́ ń gbé abẹ́rẹ́ sókè sódò, bí wúfà òsì bá ń yọ, ti ọ̀tún ń wọlé. Mono á pa wọ́n rẹ́.

Adéorin
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti wò ó. Ó ń bá ìyípo àwo lọ lóòótọ́, mono sì pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ gbígbọ̀n wìrìwìrì kan ṣì kù. Apá 14 pẹ̀lú headshell (orí apá tí wọ́n ń de cartridge mọ́), cartridge 7, síkúrù 1, compliance 25 ní 10 Hz.

Rẹ̀mí Alápá
6.8 Hz. Ó kéré. Headshell yẹn ńkọ́, ṣé onírin tó nípọn ni? Bó o bá rí èyí tó fi gíráàmù 5 fúyẹ́ jù ú lọ, wàá bọ́ sí 7.7.

Kọ́lá Olóhùn
Kó wá fi filter kún un.