Ìrírí tọkọtaya nílé àlejò etí òkun: ẹ wá sọ tiyín

ÌyáÌbejì:
Ẹ kú ilé o. Èmi àti bàbá àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Whitby, létí òkun Yorkshire. Ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa, àwa méjèèjì nìkan la lọ. B&B la wọ̀ sí ní West Cliff, ìyẹn ilé onílé tó ń gba àlejò sùn, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ àárọ̀, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá onílé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa, tó ní ká bọ́ bàtà wa tó ti rin gbindin sẹ́nu ọ̀nà, tó fi kọ́kọ́rọ́ méjì lé wa lọ́wọ́, tó sì bi wá bóyá aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án la máa jẹun láàárọ̀. Òkè téńté ni yàrá wa wà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ tóóró débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ mi fi gbé àpótí gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ṣí fèrèsé, odò Esk rèé, àwọn ọkọ̀ apẹja rèé, ahoro ilé àwọn mọ́ńkì rèé lórí òkè òdìkejì. Ọkọ mi tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ po tíì fún mi. Tíì tí òun fúnra rẹ̀ pò! Mo fẹ́ gbọ́ tiyín.

ỌmọÌjẹ̀bú:
Ṣé ẹ gun àtẹ̀gùn 199 tó lọ sórí òkè ahoro yẹn?

ÌyáÌbejì:
A gùn ún, nínú òjò.

Alhaja Bradford:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìgbádùn. Èmi àti Alhaji náà ti lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: nǹkan dúdú roboto tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin láàárọ̀, black pudding, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọjọ́ tá a gba yàrá la ti sọ fún onílé pé Mùsùlùmí ni wá. Inú ẹ̀ dùn pé a tètè sọ. Kipper ló ń fún wa, ẹja tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n wá fi èéfín igi yan. Tó bá ti ń gbóná bọ̀ láti kíṣìnì, òórùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́. Mo yọ ata gígún nínú báàgì mi, mo wọ́n ọn sí i. Onílé ní kí n jẹ́ kóun tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ pọ́n, ó tún nawọ́ sí i.

BàbáDékọ́nì:
Alhaja, kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:29, ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ní ká ta kété sí. Ẹ sì mọ̀ pé orí òkè Whitby yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣèpàdé lọ́dún 664 lórí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe Àjíǹde. Ilẹ̀ tó nítàn ni.

AráHull:
Dékọ́nì, mo ń jẹ ẹ́, ó dùn. Oat wà nínú ẹ̀, àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀.

BàbáDékọ́nì:
Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

AráHull:
Ó wà nínú ẹ̀ náà.

Alhaja Bradford:
Ẹ gbà wá o 😂

ỌmọÌjẹ̀bú:
Ẹ fọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Tíì tí bọ̀ọ̀dá pò yẹn ló jẹ mí lógún. Ìyá Ìbejì, ṣé ó ṣì ń pò ó nílé báyìí?

ÌyáÌbejì:
Ó ti padà sídìí fóònù.

ÌyàwóTuntun:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò gbà pé ilé onílé yẹ fún tọkọtaya. Àwa wọ ọ̀kan ní apá gúúsù, mi ò ní dárúkọ ìlú. Tá a bá ti yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, pákó ilẹ̀ á dún, onílé sì ń sùn nísàlẹ̀ wa gan-an. Wúyẹ́wúyẹ́ là ń sọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Balùwẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa àtàwọn àlejò yòókù la jọ ń lò ó. Mo pàdé bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ lóru, mo kúnlẹ̀ kí i, òun náà tẹríba fún mi.

AráHull:
Ibi tí wọ́n bá kọ “en-suite” sí ni kẹ́ ẹ máa gbà. Balùwẹ̀ ti wà nínú yàrá nìyẹn.

Alhaja Bradford:
Ìyàwó wa, hòtẹ́ẹ̀lì ò lè mọ̀ ẹ́ lórúkọ. Alẹ́ ọjọ́ tí otútù mú mi, onílé gbé rọ́bà omi gbígbóná wá bá mi ní yàrá, mi ò béèrè o. Ta ló máa ṣèyẹn fún ẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì?

ÌyàwóTuntun:
Ẹ ṣeun mà, àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó kàn wọlé?

Alhaja Bradford:
Ó kan ilẹ̀kùn o!

AráÈkó:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, etí òkun ò tán nítòsí ilé. Grand-Popo ní Benin lèmi àti ìyàwó mi lọ. A gba Sẹ̀mẹ̀, a kọjá Kútọnu, a yà ní Ouidah lọ wo Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ibẹ̀ lọ sókè òkun. Ìyàwó mi sunkún níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé tá a máa sùn. A ò gbọ́ Faransé, onílé ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣé ọmọ Kétu ni ìyá tó ń tọ́jú yàrá níbẹ̀! Yorùbá la fi yanjú gbogbo ẹ̀: iye owó, oúnjẹ, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ya. Ó mú abẹ́rẹ́ wá, ó rán an lójú wa. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ síbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun yẹn o, ìgbì rẹ̀ ń fa èèyàn lọ.

BàbáDékọ́nì:
Ọmọ Alákétu! Kò síbi tá ò sí.

ÌyàwóTuntun:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé balùwẹ̀ wà nínú yàrá?

AráÈkó:
Ó wà. Omi gbígbóná ni kò sí, àmọ́ ta ló ń wá omi gbígbóná níbẹ̀?

ÌyàwóTuntun:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi.

AráÈkó:
Mo ti fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá fi Faransé dá ẹ lóhùn, ní kí wọ́n gbé fóònù fún ìyá Kétu.