Èsì lórí «aṣọ́dòpẹ́»: a- yẹn kò bá iṣẹ́ náà mu

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ọ̀gá wa kọ lánàá, pé kí á máa pe iṣẹ́ yíyẹ omi odò wò lọ́dún dé ọdún ní «aṣọ́dòpẹ́», kí á sì máa pe ipò tí omi wà ní «ìdára omi». Ẹ má bínú, kò dùn létí mi rárá.

A- tó bẹ̀rẹ̀ «aṣọ́dòpẹ́» yẹn ni mo ń bá jà. Aṣọ́bodè, èèyàn ni. Apẹja, èèyàn ni. Ẹ gbé aṣọ́dò fún ọmọ iléèwé, yóò ní ọlọ́pàá etí odò lẹ ń wí. Bó bá jẹ́ à- olóhùn ìsàlẹ̀ lẹ kọ, bíi ti àyẹ̀wò àti àmójútó, à bá jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohùn àárín lẹ kọ, ẹ sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣọ́dò ti tó. «Pẹ́» tí ẹ so mọ́ ọn nídìí kò wúlò, torí ṣọ́ ti gbé pípẹ́ dání. Ta ló ń ṣọ́ ilé ní ìṣẹ́jú kan?

Ẹni tó ní «àyẹ̀wò» nìkan tó, kó wo odò Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ó gba Òṣogbo kọjá kó tó já sí ọ̀sà. Ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi rẹ̀ di pupa. Èyí ṣì hàn sójú. Mẹ́kúrì, irin olómi onímájèlé tí wọ́n fi ń kó góòlù jọ, kò hàn. Ó ń rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó ń tibẹ̀ wọ inú ẹja, ẹja ńlá ń jẹ kékeré, ó sì ń pọ̀ sí i lára wọn. Ìgò omi kan tí ẹ bù lóṣù Òkúdu, òjò lè ti bomi là á. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ojú ibi kan náà, ọ̀nà kan náà, lọ́dọọdún: ìyẹn ni ìṣọ́.

«Ìdára» ńkọ́? Omi tó ti bàjẹ́, ìdára wo ló ní tí a fẹ́ wọ̀n? Ẹni tó ní ká lo «ìmọ́» tún wá dá kún un. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹ lọ sọ níwájú Arugbá pé omi Yèyé Ọ̀ṣun kò mọ́, kí ẹ wo ìjà! Mímọ́ ni lójú olùjọ́sìn, májèlé ló wà nínú rẹ̀ lójú dókítà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ru méjèèjì. «Ipò omi» kò bú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó sì kọ̀wé pé ará Ọ̀yọ́ nìkan ló ń sọ «tòrò» fún omi tí kò rú, ṣé kò gbọ́ àdúrà àwọn ìyá wa rí ni? «Kí ayé wa tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn.» Àwọn ìyá yẹn mọ̀ pé omi tí a pọn kí ẹsẹ̀ tó wọ odò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọ̀sán, wọn kò sì dúró de ẹ̀rọ kankan. Kí ọmọ Ìgèdè kan dá wa lóhùn: kí ni wọ́n ń pe omi tó tòrò nílé yín?