Nígbà tí Agbábọ́ọ̀lù Wa Wọ Aṣọ Ẹgbẹ́ Kejì: Ìrírí Àwa Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí kálukú sọ ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí nígbà tí agbábọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ràn kúrò lọ wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń figa gbága. Mo ti ka ohun tí àwọn àbúrò wa kọ nípa Arsenal àti Chelsea, ó sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n óò mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé, nítorí pé ilé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n pe agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀dàlẹ̀.

Ṣútìn, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, ni ẹgbẹ́ ilé wa. Bàbá mi kì í tilẹ̀ pè é ní Shooting Stars. IICC ni ó ń pè é títí ó fi jáde láyé, nítorí orúkọ yẹn ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ ní 1976 nígbà tí ó borí Tonnerre ti Yaoundé, tí ó sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Rangers ti Enugu fi pẹnáríti lé wa kúrò nínú ìdíje kan náà nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a dé àṣekágbá, ó sì gba ife náà lọ. Bàbá mi lè dárúkọ gbogbo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní 1976 láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ 1977, yóò dìde kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní gólù mẹ́ta sí òdo nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní Èkó ní 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudaṣiru Láwàl sì gbá ẹ̀kẹta. Ọmọ Ṣútìn ni àwọn méjèèjì. Ọdẹ́gbàmí, tí a ń pè ní Mathematical, kò sì fi Ṣútìn sílẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Òun ni àwọn àgbà fi ń wọn gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó wá lẹ́yìn rẹ̀, àti pé lójú tiwọn, kò sí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n.

Ohun tí wọn kì í fi kún un ni bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa: IICC fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, NEPA ń pèsè iná mànàmáná, Leventis àti Julius Berger náà sì wà níbẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn ní àsìkò tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìdúróṣinṣin rẹ̀ tọ́ sí ìyìn, mo sì ń yìn ín, ṣùgbọ́n ìlú tó gbà á tún fún un ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Rashidi Yekini, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ṣútìn nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀dùn bá ilé wa. Ní 1984 Ṣútìn dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà, Zamalek ti Íjíbítì sì borí wa. Ní ọdún yẹn kan náà ni Yekini kó lọ sí Abẹ́òkúta, ó lọ bá Abiola Babes, ẹgbẹ́ olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Ká ní Yúróòpù ni ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bàbá mi ì bá súre fún un. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta! Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà lọ kí ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀! Fún ọdún mélòó kan ni bàbá mi kò fi dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. "Ọmọ ọ̀hún" ni ó ń pè é.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 1994, Yekini gbá gólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ìdíje ife àgbáyé, ó sáré wọ inú àwọ̀n Bulgaria, ó di àwọ̀n náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń ké sí Ọlọ́run. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ wa ni," ó wí fún àwọn àlejò, "ọ̀dọ̀ wa ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ṣútìn." Láti ọjọ́ náà lọ, a kò gbọ́ "ọmọ ọ̀hún" mọ́. Ìbàdàn ni Yekini padà wá gbé nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní 2012, n kò sì mọ ẹnì kan ní ìlú yìí tí ó rántí ọ̀rọ̀ Abiola Babes lọ́jọ́ náà.

Ìrírí tó yí ọkàn mi padà pátápátá ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá tiwa. Ọ̀dọ́kùnrin kan háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan nínú líìgì wa tí n kò ní í dárúkọ. Ọmọlúàbí ni, kì í kọjá lára àgbà láìdọ̀bálẹ̀. Oṣù kan á wọlé, oṣù kan á jáde, wọn kò san owó oṣù rẹ̀. Ó ṣèṣe ní orúnkún, ìyá rẹ̀ ni ó ta ilẹ̀ láti fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń figa gbága pè é, wọ́n sì san owó fún un lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wá dúró sí ẹnu géètì wa, wọ́n ń bú u, wọ́n ń pè é ní olójúkòkòrò. Mo jáde sí wọn, mo bi wọ́n pé, "Ta ni nínú yín ti lọ dúró sí ẹnu géètì ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yín nítorí owó ọmọ yìí?" Wọn kò fèsì. Ọ̀dọ́kùnrin náà wí fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, "Dádì, mo fẹ́ràn aṣọ yẹn ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Èmi ni mo làágùn sínú rẹ̀."

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹgbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ olóòótọ́ sí agbábọ́ọ̀lù kí ó tó lè béèrè òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ pápá Adamasingba ń tẹ̀ lé Ṣútìn nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn. A tẹ̀ lé e nígbà tí ó já kúrò nínú líìgì gíga ní 2017, a sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó padà ní 2021. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò já ìwé àdéhùn àwa olólùfẹ́, kò sì sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò sọ fún wa pé ọjọ́ orí wa ti pọ̀ jù.

Láti Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ọmọ tí wọ́n jẹ lówó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí a kò jẹ lówó kankan.

Ọmọ Arsenal ni mí láti ìgbà tí Kanu gbá gólù mẹ́ta wọ àwọ̀n Chelsea ní oṣù kẹwàá 1999. Balógun wa ni Robin van Persie ní 2012. Fún ọdún púpọ̀ ni ó ti ń ṣèṣe tí Arsenal ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dúró dè é. Ní sáà tí ara rẹ̀ le pátápátá, ó gbá ọgbọ̀n gólù nínú líìgì, ni ó bá kéde pé òun kò ní í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun. Ní oṣù kẹjọ ó ti wọ aṣọ Man U. Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó já ta kulẹ̀ níbẹ̀?

Ibi tí a ti ń san owó wo bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa ni mo wà ní ìparí oṣù kẹrin 2013. Man U ti gba líìgì kí wọ́n tó wá sí pápá Arsenal, nítorí náà àṣà ni pé kí àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal tò sí ọ̀tún àti òsì kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ bí àwọn aṣẹ́gun ṣe ń wọlé. Van Persie gba àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kọjá. Gbogbo àwa ọmọ Arsenal tó wà nínú ilé náà dìde, a kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ Man U bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sí wa létí, èyí tí ó jẹ́ olórí nínú wọn sì jẹ́ ọkọ àbúrò mi. Nígbà tó yá, Van Persie gbá pẹnáríti wọlé. Ayò náà parí ní ọ̀mì, gólù kan sí kan. N kò bá ọkọ àbúrò mi sọ̀rọ̀ títí a fi pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, tí ìyá wa pè wá síta tí ó sì pàṣẹ pé kí a bọ ara wa lọ́wọ́.

Mo gbà pé agbábọ́ọ̀lù lásán lè lọ síbi tí ó wù ú. Mo gbà pé ó lè lọ sí Ítálì, kí ó lọ sí Spéènì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dé ní fìlà balógun, tí àwọn ọmọdé kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ wọn, ojúṣe tirẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Van Persie kò jó nígbà tí ó gbá gólù wọ àwọ̀n wa ní Old Trafford, pápá Man U, ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn ènìyàn sì yìn ín fún ọ̀wọ̀ náà. Èmi kò yìn ín. Ọ̀wọ̀ tí mo fẹ́ ni kí ó má lọ síbẹ̀ rárá.

Láti Sùúrùlérè, Èkó

Tèmi kò gùn. Ọmọ Stationery Stores ni mí, ẹgbẹ́ tí Israel Adébàjọ̀ dá sílẹ̀ ní 1958. Mo dàgbà sínú ìtàn Haruna Ilerika àti aṣọ́lé wa Peter Fregene, mo sì yọ̀ bí ẹni tó rí ọmọ he nígbà tí a gba líìgì ní 1992. Lẹ́yìn náà ni awuyewuye lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ gbòde, ẹgbẹ́ náà sì ṣí kúrò lójú pápá. Ẹ̀yin ń bínú pé agbábọ́ọ̀lù fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwa, ẹgbẹ́ ni ó fi wá sílẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ẹgbẹ́ Èkó mìíràn. N kò lè ṣe é. Nígbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì ní 2025, inú mi dùn fún ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ayọ̀ àlejò ni mò ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ máa dúpẹ́ pé Ṣútìn ṣì wà tí ẹ lè bá a bínú.

Láti Lọ́ńdọ̀nù

Àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé pẹ̀lú ìdílé mi. Arsenal ni èmi, Tottenham ni àbúrò ìyàwó mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú yìí sì mọ ohun tí mo ń sọ. Òun ni ó máa ń rán mi létí Sol Campbell, balógun Tottenham tí ó kọjá sí Arsenal ní 2001 láìjẹ́ pé wọ́n rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ padà sí White Hart Lane, pápá Tottenham nígbà náà, bàlúùnù tí wọ́n kọ "Júdásì" sí ló kún orí ìjókòó, àna mi sì sọ pé òun náà di ọ̀kan mú. Kò tíì dárí jì í títí di òní. N kò bá a jiyàn lórí rẹ̀ mọ́, nítorí pé bí ó bá jẹ́ pé láti Arsenal lọ sí Tottenham ni, n kò ní í dárí jì í.

Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 2021, Bùkáyọ̀ Saka, ọmọ Yorùbá tí a bí síbí, tí Arsenal ti ń tọ́ láti kékeré, pàdánù pẹnáríti tó kẹ́yìn fún Ẹ́ńgílandì nínú àṣekágbá ife Yúróòpù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà rọ́ lu òun àti àwọn méjì yòókù tí wọ́n tún pàdánù. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àna mi ọmọ Tottenham, ó béèrè bí àwọn ọmọ mi ọkùnrin ṣe ń ṣe, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Arsenal lọ gbá ayò ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní pápá Tottenham. Àwọn olólùfẹ́ Tottenham gbé àkọlé ńlá sókè níbẹ̀ pé gbogbo àríwá Lọ́ńdọ̀nù wà lẹ́yìn Saka, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí ó wọlé. Arsenal náà ti kó àwọn lẹ́tà tí àwọn ènìyàn kọ sí i jọ, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ibi ìgbaradì wọn kí ó lè rí wọn.

Ẹ̀gbọ́n Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ yín ti pàdé lójú tèmi. Ní oṣù karùn-ún 2023, Saka fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun pẹ̀lú Arsenal, n kò sì lérò pé owó nìkan ni ó rò nígbà tí ó mú bírò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àna mi. Ó ní òótọ́ ni, pé òun náà ì bá dúró, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí Arsenal bá ń bọ̀ wá bá wọn, òun yóò máa gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ọmọ náà má gbé e lọ́jọ́ yẹn.