Ta ló ti dá predi, ìyẹn oògùn prednisolone, dúró lójijì rí? Ẹ gbọ́ tèmi

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Mo ń rí i tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé họ́mọ̀nù sítírẹ́ẹ̀sì lọ̀tá, pé cortisol ló ń ba ara jẹ́, kéèyàn wá nǹkan lò tó máa dí i pa. Àyà mi já, torí èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, cortisol tèmi tán lára mi lọ́dún 2021, díẹ̀ ló kù kí n kú.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Orúnkún àti ọrùn ọwọ́, tó bá di àárọ̀ mi ò lè ṣí ìdérí ike. Mo lọ sí kẹ́míìsì kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ó bá mi po oògùn pọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó ní kí n máa lò ó láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, kó tó di ọjọ́ kẹta mo ti ń sáré gun àtẹ̀gùn! Oṣù méje ni mo fi lò ó. Ojú mi rí rìbìtì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé owó ti dé, inú mi sì ń dùn. Ìgbà tó yá làpálàpá mú mi lọ́rùn kò lọ, funfun bo ahọ́n mi bíi ti ọmọ jòjòló, egbò kékeré lẹ́sẹ̀ ò jiná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò rò ó mọ́ oògùn rárá, mo ní ayé ló ń ṣe mí.

Ìsìnkú bàbá ọkọ mi gbé wa lọ sí Ọ̀fà, oògùn tán síbẹ̀, mo ní kò burú, orúnkún ò kúkú dùn mí mọ́. Ọjọ́ kẹta ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè gbé omi ìwẹ̀, mò ń bì, inú ń run mí, tí n bá dìde ojú á ṣú mi. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ńṣe ló ń le sí i. BP mi já sí 80/50, ṣúgà ara náà wálẹ̀. Dókítà kékeré kan tí ò ju ọmọ mi lọ ló wá bi mí pé, "Mummy, oògùn wo lẹ ń lò nílé?" Ọmọ mi yọ láílọ́ọ̀nù yẹn nínú báàgì, èyí tó fọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Prednisolone, ìyẹn predi, wà níbẹ̀. Hydrocortisone 100 mg, ìyẹn cortisol tí wọ́n ṣe ní oògùn, ló gún sí mi lójú iṣan pẹ̀lú dírípù, kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti dìde jókòó, mo ní kí wọ́n fún mi lẹ́kọ.

Bó ṣe là á yé mi rè é. Nǹkan kékeré méjì kan wà lórí kíndìnrín wa, àwọn ló ń ṣe cortisol, ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí wọn. Cortisol yìí ló ń gbé BP ró, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀ nígbà tí ebi tàbí ibà bá mú wa, òun náà ló ń fa okùn àwọn sójà ara kí wọ́n má bàa kọjú ìjà sí onílé. Prednisolone jọ ọ́, ó sì lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin cortisol, 5 mg ẹ̀ tó nǹkan tí ara ń ṣe lójúmọ́ kan. Tí ọpọlọ bá rí i pé ti ìta ti kún, kò ní ránṣẹ́ mọ́, àwọn ti orí kíndìnrín á sùn lọ, wọ́n á gbẹ. Àwọn sójà náà á rọ ọwọ́ sílẹ̀, ohun tó jẹ́ kí orúnkún dẹ̀ mí lára nìyẹn, òun náà ló ṣílẹ̀kùn fún làpálàpá.

Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi dín predi náà kù díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tí ibà bá ti mú mi, ìlọ́po méjì ni mò ń lò bí dókítà ṣe ní kí n ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ṣakí:
Mà, ẹ kú ewu. Adrenaline, họ́mọ̀nù tó ń mú kí àyà èèyàn máa já, ni wọ́n dí ní tèmi. Mo fẹ́ lọ ṣe intafíù, ọ̀rẹ́ mi fún mi ní propranolol, oògùn tó ń dí i, pé àyà mi ò ní já. Lóòótọ́ àyà ò já, ọwọ́ ò gbọ̀n. Àmọ́ mo ní asthma láti kékeré, kò pé wákàtí méjì tí mi ò lè mí dáadáa mọ́, inhaler gan-an ò tètè ràn mí lọ́wọ́ torí ibi tó yẹ kó gbà ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ni oògùn yẹn ti lọ dí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá ní asthma, ẹ má tọ́ ọ wò.

Nọ́ọ̀sì Peckham:
Ẹ kú oríire mummy. Láti 2020 ni NHS, ètò ìlera ìjọba ní ìlú ọba, ti ní káàdì kan níbí fún àwọn tó ń lo irú oògùn bíi predi pẹ́, kí dókítà tó bá bá wọn nílẹ̀ lè tètè mọ̀. Irú oògùn yìí wúlò o, dexamethasone tó jẹ́ ẹbí predi, 6 mg lójúmọ́, gba ẹ̀mí àwọn tó wà lórí ọ́síjìn nígbà Kòrónà, àmọ́ ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ọmọge tó ń gbé e mì kí wọ́n lè sanra. Ìpara tó ní clobetasol, tóun náà jẹ́ ẹbí predi, ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń gba awọ wọlé. Àbúrò mi kan fi bóra fún ọdún mẹ́rin, nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ bí ọmọ fún un, ojú abẹ kọ̀, kò pa dé.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ̀yin mà, mo ti ń lo irú láílọ́ọ̀nù yẹn láti oṣù mẹ́ta. Kí n dà á nù lálẹ́ yìí?

Ìyá Ìbejì:
Háà, má dà á nù o ọmọ mi! Lo tòní bó o ṣe ń lò ó. Lọ́la kó o gbé láílọ́ọ̀nù yẹn lọ sí ọsibítù, sọ fún dókítà pé oṣù mẹ́ta rè é, òun ló máa sọ bó o ṣe máa dín in kù. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí òòyì ń kọ́ ẹ, má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Kọ̀wé síbí tó o bá dé ọ̀hún, mi ò ní tíì sùn.